Ìdíje Badminton Ilẹ̀ Áfíríkà: Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí Níbẹ̀

Ẹlẹ́tìí Ìlà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó gba wúrà ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ. Àwa tí a wà létí pápá náà ní tiwa láti sọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni, nígbà tí ìdíje náà wá sí Port Harcourt. Adájọ́ ìlà ni mo ṣe. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ní kí o ṣọ́. Bí bọ́ọ̀lù badminton, èyí tó ní ìyẹ́ lára, bá bọ́ síta, wàá na apá méjèèjì gbọọrọ, wàá sì kígbe "Out" kí ọ̀ńpáyà, ìyẹn adájọ́ tó ń darí eré, lè gbọ́. Bó bá kan ìlà, bó ti wù kó kéré tó, ó wọlé nìyẹn. O ò ní sọ̀rọ̀ rárá, ọwọ́ ọ̀tún lo máa fi tọ́ka sí ìlà. Bí eléré bá dí ọ lójú ńkọ́? Wàá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ, kí ọ̀ńpáyà mọ̀ pé o ò rí i. Òfin yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìméfò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin wa kan ń gbá ẹlẹ́nìkan, ìyẹn ẹnì kan sí ẹnì kan. Wọ́n ti wà ní géèmù kẹta, èyí tó kẹ́yìn, ó sì ti di 20 sí 20. Ní 21 ni géèmù ń parí, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jọ dé 20, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnì kejì lọ, àyàfi bí wọ́n bá bára wọn dé 29. Nígbà náà, ẹni tó bá dé 30 ló borí. Ariwo ti gba gbogbo ilé. Ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè pátápátá, ó ń lọ sẹ́yìn. Ẹnì kejì wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Iwájú mi gan-an ló bọ́ sí. Kóòkì tí wọ́n gún ìyẹ́ 16 mọ́ ni a máa ń wò, kì í ṣe ìyẹ́ rẹ̀, mo sì rí àlàfo láàárín kóòkì yẹn àti ìlà. Mo na apá mi.

Ilé pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà ni òṣé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan lẹ́yìn mi fi Yorùbá bèèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà kọ́ ni mí ni. Ọmọ náà wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, ó wo ojú mi, ó mi orí, ó padà sí ipò rẹ̀. Ó pàdánù géèmù náà. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ lónìí, apá mi á tún nà.

Ọmọ Ráákẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yẹn mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ ni ó fi mi orí.

Kampala ní Uganda ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdíje ẹgbẹ́ àti ti ẹnìkọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀, ṣé àwọn eléré kan náà ṣáà ni. Ó yàtọ̀ o. Nínú ìdíje ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, eré márùn-ún ló wà: ẹlẹ́nìkan mẹ́ta, ẹlẹ́ni méjì-méjì méjì. Ẹgbẹ́ tó bá mú mẹ́ta ló borí. Èmi ni ẹlẹ́nìkan kẹta, ìyẹn ni pé bí àwọn tó ṣáájú bá pín in ní méjì-méjì, èmi ni yóò kàn. Àtàárọ̀ ni mo ti jókòó tí mò ń pariwo fún wọn. Mò ń gbàdúrà pé kí wọ́n ti parí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ ọkàn mi ń fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Kampala ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,100, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù sì máa ń sáré jù bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní ìlú etí òkun. Agbára tó ń gbé e dé ẹ̀yìn ìlà nílé, síta ló ń gbé e lọ níbẹ̀. Kóòṣì ní kí n fi àyè sílẹ̀ sí gbogbo ìlà, kí n má lé ògo. Mo gbọ́ràn. Nígbà tó kù díẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́, ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi létí pápá nìkan ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wọ néètì lọ́dọ̀ ẹnì kejì, wọ́n ti gbá mi mọ́ra kí n tó mọ̀ pé mo ti borí.

Lẹ́yìn èyí ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan náà, ráákẹ́ẹ̀tì kan náà. Kóòṣì nìkan ló jókòó lẹ́yìn mi, àwọn yòókù ti lọ gbá tiwọn ní pápá mìíràn. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lé mi. Mo mọ̀ pé pọ́ìntì tó ń gbéni lọ sí Òlíńpíìkì wà nínú ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti ẹgbẹ́ ni n ó mú láìronú.

Ìyá Tèmi

Èmi ò gbá a rí, òǹwòran ni mí. Mo wà ní Port Harcourt lọ́dún 2019 yẹn, ọdún tí Ànúolúwapọ̀ Ọpẹ́yọrí gba wúrà ẹlẹ́nìkan àwọn ọkùnrin. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti Dorcas Àjọkẹ́ Adéṣọkàn tún gba wúrà ẹlẹ́nìkan ní Eré Ìdárayá Ilẹ̀ Áfíríkà ní Casablanca, àwọn méjèèjì sì dé Òlíńpíìkì Tokyo. Inú mi ṣì ń dùn sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, kí ló dé tí ooru fi máa ń mú nínú ilé yẹn tó bẹ́ẹ̀? A ń fi ìwé fẹ́ ara wa.

Ẹlẹ́tìí Ìlà

Ìyá wa, ẹ kú ooru. Bọ́ọ̀lù yẹn kò wúwo ju gíráàmù márùn-ún ààbọ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ bá fẹ́ sí i díẹ̀, á yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tó wà lápá kan á máa gbá síta, ẹni tó wà lódìkejì á máa gbá a kó má dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dín afẹ́fẹ́ kù, tí àwọn eléré sì máa ń pààrọ̀ apá lẹ́yìn géèmù kọ̀ọ̀kan. Ní géèmù kẹta, bí ẹnì kan bá ti dé 11, wọ́n á tún pààrọ̀. Ẹni tó bá wà ní Cairo lọ́dún 2024, tiyín ló kàn.