Bí rédíò bá dákẹ́, ṣé kí n gba inú MATZ kọjá?

Ẹ̀yin awakọ̀ òfurufú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Cessna 152, ọkọ̀ òfurufú kékeré, ni mo ń wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà lópin ọ̀sẹ̀ sì gba inú MATZ (agbègbè òfurufú tó yí pápá ológun ká) ti pápákọ̀ òfurufú ológun kan. Mo mọ̀ pé òfin kò fi dandan mú àwa aráàlú láti gbàṣẹ kí a tó wọ MATZ, àmọ́ ATZ (agbègbè òfurufú kékeré tó sún mọ́ pápá náà jù) tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn kò ṣeé wọ̀ láìgbàṣẹ.

Mo máa ń fi rédíò pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ nígbà tó bá ku máìlì òkun 15 tàbí ìṣẹ́jú 5, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. NOTAM (ìkéde tí wọ́n ń ṣe fún àwọn awakọ̀ òfurufú) kò sọ pé wọ́n ti pápá náà, fóònù wọn ń dún lásán.

Ẹ̀rù àwọn bàálù aláìlẹ́ńjìnnì ló ń bà mí jù. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fi wọ́n fò ní pápá ológun lópin ọ̀sẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń fà wọ́n sókè sì lè ga ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ.

Bí wọn kò bá dáhùn, ṣé kí n gba òkè ATZ kọjá ni, àbí kí n yí gbogbo MATZ náà po? Ṣé London Information (àwọn tó ń fi rédíò fún awakọ̀ òfurufú ní ìsọfúnni) lè bá mi wádìí bóyá ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀?