Ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ iná sólà alágbèéká tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ mọ̀ nípa iná sólà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan to ẹ̀rọ iná tí a lè fi ọmọlanke tì lọ síbi ayẹyẹ ìta gbangba nínú ọgbà yunifásítì wa, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ máa ń bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Páńẹ́lì oníwáàtì 200 méjì, bátìrì lithium onífólìtì 12 tó jẹ́ 100 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú) àti ínfátà oníwáàtì 1,000, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nílé, ni a lò.

Bí ènìyàn bá ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ lásán, gbogbo rẹ̀ a máa lọ déédéé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé orin tí ìlù rẹ̀ ń dún kíkankíkan sí i, iná pupa á tàn lára ínfátà, á sì kú, bẹ́ẹ̀ mítà tí a fi kan orí bátìrì ṣì ń fi fólìtì 13 hàn, nígbà tí ti ẹnu ínfátà ti já sí 10. Wáyà tó so méjèèjì pọ̀ ni mo fura sí, nítorí pé ó gùn, ó sì ń gbóná. Ẹnìkejì mi ní irọ́ ni, bátìrì ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí a ra wáyà tó nípọn kí a sì gé e kúrú ni, tàbí kí a kúkú yí gbogbo rẹ̀ sí fólìtì 24, kí áńpù tó ń gba inú wáyà lè dín sí ìdajì? Owó ọwọ́ wa kò ká méjèèjì. Ibo gan-an ló sì yẹ kí fíúsì wà?