Kí ni mẹ́nù ti fojú yín rí?

Ọmọ Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti àná ni mo ti ń bá Tkinter, irinṣẹ́ tí Python fi ń ṣe fèrèsé àti mẹ́nù, fà á. Mo fi "Pamọ́" sínú mẹ́nù. Bí mo bá ti ṣí ètò náà báyìí, fáìlì ti pamọ́, n ò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan. Tí mo bá wá tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ta nirú ẹ̀ ti ṣe rí?

Bàbá Kóòdù: Yọ àkámọ́ kúrò. command=pamo, kì í ṣe command=pamo(). Orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè ni kó o fún un, ìwọ ti pe onítọ̀hún dé kí àlejò tó kanlẹ̀kùn. None, ìyẹn òfo, ló kù fún mẹ́nù.

Ọmọ Tuntun: Ó ti ṣiṣẹ́! Torí àkámọ́ ni mi ò ṣe sùn.

Ìyá Fáìlì: Tìẹ kéré. Èmi fi lúùpù, kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kó fáìlì márùn-ún sínú mẹ́nù. Èyí tó wù kéèyàn tẹ̀, ìkarùn-ún ló ń ṣí. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni lambda (iṣẹ́ kékeré tí kò lórúkọ) tó ń wá f, ìyẹn fáìlì, lọ, lúùpù sì ti parí. lambda f=f: si(f) ló yọ mí, ó ń di f ti ìgbà yẹn mú.

Ajíṣeré: f=f 😂

Aláṣọ Java: Swing, irinṣẹ́ fèrèsé ti Java, ni tèmi. getActionCommand() ni mo fi ń mọ ohun tí wọ́n yàn: tó bá jẹ́ "Save", ṣe báyìí. Oníbàárà ní Yorùbá lòun fẹ́, mo kọ "Pamọ́" sójú mẹ́nù. Ó kú fin-ín fin-ín, kò sí àṣìṣe kankan tó jáde. Àṣé téèyàn ò bá lo setActionCommand, ọ̀rọ̀ ojú mẹ́nù ló máa mú. Mo kọ "Pamọ́" sínú kóòdù náà, ó tún kọ̀! Ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo rí i: ibì kan, ọ àti àmì ohùn, ibì kejì, o lásán, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. equals(), tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, ní òun ò mọ̀ wọ́n ní ọmọ ìyá.

Bàbá Kóòdù: Mo ní kẹ́ ẹ yé fàmì sí i.

Aláṣọ Java: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "Pamo" kì í ṣe ọ̀rọ̀. Èmi ni mi ò fún ohun kọ̀ọ̀kan ní listener (kóòdù tó ń dúró de títẹ̀) tiẹ̀.

Ajíṣeré: "Tọ́jú" ló yẹ kó jẹ́ gan-an.

Bàbá Kóòdù: Tọ́jú kẹ̀? Ṣé ara fáìlì ò yá ni?

Ọmọ Tuntun: Ẹ gbà mí o, accelerator="Ctrl+S" hàn lójú mẹ́nù, mo tẹ̀ ẹ́ títí, òfo.

Ìyá Fáìlì: Ọ̀ṣọ́ lásán nìyẹn. Fi bind, tó ń so bọ́tìnnì mọ́ iṣẹ́, kún un, kó o kọ def pamo(event=None), torí bind ń gbé event (ìròyìn títẹ̀ náà) wá, mẹ́nù kì í gbé e.

Ajíṣeré: Nínú bind, "<Control-s>" ni kó o kọ, s kékeré o. S ńlá, Shift ló ń dúró dè.