Fáànù tí a so mọ́ íntákúlà Hilux mi tó ń kó kòkó láti Ìdànrè

Ẹni tó béèrè bóyá fáànù lórí íntákúlà (ìyẹn irin tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì) ń ṣiṣẹ́ àbí owó ìnádànù ni, ó ń ṣiṣẹ́ o, tèmi wà lára ọkọ̀ báyìí tí mò ń tẹ èyí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó lọ ra tiyín.

Hilux 3.0 D-4D ni tèmi, onídísù, èyí tó ní ihò afẹ́fẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kòkó ló ń kó, láti inú oko lẹ́yìn Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́. Ẹni bá mọ apá ibẹ̀ mọ̀ pé òkè ló pọ̀ jù, gíà kìíní àti ìkejì lẹ ó máa fi rọra wọ́ jáde nínú oko títí tẹ́ ẹ ó fi bọ́ sí títì. Tí àpò kòkó bá ti kún ẹ̀yìn, tí oòrùn ọ̀sán oṣù kẹta wá mú, ọkọ̀ ò ní fà mọ́, ẹ ẹ́ tẹná títí, èéfín dúdú nìkan ni á máa tú lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ò kúrò láàárín o! Ohun tó jẹ́ kó dàrú mọ́ àwọn mẹkáníìkì lójú nìyẹn, ọ̀kan ní nọ́sù tó ń fọ́n dísù ni, òmíì ní tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì ti kú kí n lọ wá tòkunbọ̀ rà.

Ọ̀gá kan tó ń tún ọkọ̀ dísù ṣe lọ́nà Ọ̀dà ló rí i. Bí mo ṣe ń ti oko bọ̀ báyìí ló ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n má jẹ́ kó tutù. Ó fọwọ́ kan páìpù tó ń ti ara tọ́bò bọ̀, ó yọwọ́ kíá, ó fọwọ́ kan èyí tó ń ti íntákúlà wọnú ẹ́ńjìnnì, ó tún yọwọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣẹ́ ẹ rí i, bí èyí ṣe gbóná lèyí gbóná, íntákúlà yín ò tu nǹkan kan."

Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé tọ́bò ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ni, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá sì fún pọ̀ á gbóná, ó lè kọjá 100°C. Tó bá gbóná báyẹn wọnú ẹ́ńjìnnì, ọ́síjìn inú ẹ̀ ò ní pọ̀ tó, dísù ò ní jó tán, òun ló ń di èéfín dúdú. Íntákúlà ló yẹ kó tù ú, afẹ́fẹ́ ìta ló sì fi ń ṣe é, tọ́kọ̀ ò bá ti sáré kò rí afẹ́fẹ́ kankan gbà. Ti Hilux yìí wá le díẹ̀ torí orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n gbé e lé, ooru ń ti ìsàlẹ̀ sè é. Fáànù rédíétọ̀ ń tu omi ní tiẹ̀, kò kan íntákúlà, ooru omi yẹn nìkan sì ni abẹ́rẹ́ ń sọ, kò lè sọ ti íntákúlà fún yín.

Ọ̀gá yẹn ò sáré so fáànù o. Ó ní kí ọmọṣẹ́ máa tẹná, ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo hóòsì bóyá èyíkéyìí ń jò, lẹ́yìn náà ló yọ íntákúlà fúnra ẹ̀, eruku pupa àti ọ́ìlì ti dì mọ́ ọn nínú, wọ́n fi kẹrosíìn fọ̀ ọ́. Fífọ̀ nìkan ti mú ìyàtọ̀ wá, ibẹ̀ ni kẹ́ni tówó ò bá tíì tó ti bẹ̀rẹ̀.

Fáànù yẹn pẹlẹbẹ, 12V ni, tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára A/C ọkọ̀ kékeré, abẹ́ íntákúlà ni wọ́n so ó sí kó máa fa afẹ́fẹ́ wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà gba súwíìṣì fa iná rẹ̀ tààrà, wáyà á yọ́. Rílé (relay) ni kó lò, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná díẹ̀ fi ń tan iná tó pọ̀, nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀: láti bátìrì gba fíúsì wọ ẹsẹ̀ 30, 87 lọ sí fáànù, 86 gba iná kọ́kọ́rọ́ láti súwíìṣì, 85 sí bọ́dì. Nígbà tí wọ́n tan án, ọ̀gá já ewé ìwé kan lé orí íntákúlà, ìwé fò sókè. Ó ní fáànù ń yí sódì, pé tọ́kọ̀ bá ń lọ òun àti afẹ́fẹ́ tó ń ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wọlé á máa bára wọn jà. Rẹwáyà pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ìwé lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí.

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní àwọn tó ń gun Yamaha Sidewinder náà ń so ó. Ọkọ̀ orí yìnyín ni o, 998cc, wọ́n gbé e jáde fún ọdún 2017 pẹ̀lú tọ́bò àti íntákúlà. Nínú òtútù yẹn náà, tí wọ́n bá ń rọra wọ́ lọ tàbí tí wọ́n dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, íntákúlà á gbóná. Ẹ ò rí i pé afẹ́fẹ́ tí kò kọjá lára ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe oòrùn ilẹ̀ wa nìkan.

Báyìí mo lè gbọ́wọ́ lé páìpù tó ń wọ ẹ́ńjìnnì tí mo bá ti oko dé, èéfín ti dín kù gan-an, òkè tí mò ń fi gíà kìíní gùn tẹ́lẹ̀ ìkejì ń gbé mi. Lọ́nà Ọ̀rẹ̀ tàbí Iléṣà tí mo bá ń sáré, kò fi nǹkan kan kún un, ṣe ni mo máa ń pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọjá nínú omi náà, ẹ pa á. Ẹ̀yin tí íntákúlà yín wà níwájú rédíétọ̀, bíi ti bọ́ọ̀sì Sprinter, báwo lẹ ṣe so tiyín?