“Ọrùn kíkán” kò tó: orúkọ fún eegun méjì àkọ́kọ́ lọ́rùn

Ẹ̀yin ará, àbá méjì ló wà nílẹ̀: ká pe eegun yòówù tó bá dá níbi tí agbárí ti pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn ní “ọrùn kíkán”; ká sì pe ohun tó yọ sókè lára eegun kejì ní “eyín”, nítorí pé Látìnì pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ ní ọrùn ẹnìkan kán, òkú ni ará ilé rẹ̀ máa gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ihò inú eegun ibẹ̀ fẹ̀, kì í tètè fún mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹlòmíì á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn. “Eegun òkè ọrùn tó dá” sàn jù, ká wá sọ èyí tó dá gan-an.

Fún eegun kìíní, “eegun òrùka” dára. Ẹni tó bá forí sọ odò tí kò jìn lè fọ́ ọ. Oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, Geoffrey Jefferson, ti ṣàlàyé irú fífọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1920.

“Èèkàn” ni àbá tèmi fún ohun tó yọ yẹn. Ó dúró gbọn-in, òrùka ń yí i po bí ewúrẹ́ tí a so. Ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì yíyí tí orí ń yí ti ń wá. Aláìsàn gbọ́dọ̀ lanu kí X-ray tó lè mú un dáadáa láti iwájú, àlàfo eyín iwájú a sì máa bọ́ lé e, á dà bíi pé ó là. Bí ìwé àyẹ̀wò bá kọ “eyín là”, èwo ni ká mú?

Àwọn dókítà Anderson àti D'Alonzo pín dídá èèkàn sí mẹ́ta ní 1974: orí èèkàn, ìdí èèkàn, àti èyí tó wọnú ara eegun. Ìdí èèkàn ló ń yọni lẹ́nu jù. Bó bá yẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, pàápàá lára arúgbó, ó lè má so pọ̀ nínú kọ́là tí wọ́n ń fi sọ́rùn. Súkúrù ló kù, tàbí kí wọ́n dè é mọ́ òrùka, kí yíyí yẹn sì lọ.

“Adé irin” tẹ́ ẹ dá fún halo, òrùka tí wọ́n ń fi ìṣó kàn mọ́ agbárí kí orí má bàa mì, mo gbà á. Ìṣó mẹ́rin fún àgbàlagbà, kí a fi agbára 8 inch-pound fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tún un fún láàárín wákàtí 24 sí 48. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ló ń wà lórí. Ti ọmọdé, ìṣó pọ̀ sí i, fífún dínkù. Òtútù àyà ni ẹ máa ṣọ́ lára arúgbó.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ “títo”, ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún títún eegun tó dá tò, kúrò níbí. Fífà ló wà nínú rẹ̀, bí agbárí bá sì ti yẹ̀ kúrò lórí òrùka, fífà díẹ̀ lè pa èèyàn. “Dídì mú” ni kẹ́ ẹ kọ.