Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ irun yìí o

Ìyá Dára, Kàbbà: Òkun o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ irun ti sú mi. Bí mo bá ti fọ̀ ọ́ tán báyìí, ṣe ni yóò lẹ̀ pọ̀, yóò le gbandi, nǹkan funfun kan yóò sì so mọ́ ọn bí ẹyin iná. Kì í ṣe iná o, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ki òòyà bọ̀ ọ́, kékeré kékeré ni yóò máa já sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí irun tirẹ̀ gùn dé èjìká, ní ọwọ́ mi ni kò dáa sí irun. Onídìrí tó di ṣùkú fún mi lóṣù tó kọjá gbowó tán, ó tún fà á débi pé n kò lè pa ojú dé dáadáa. Mo ra òrí tuntun, mo ra adín àgbọn, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fi pa á. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ̀ ọ́, torí wọ́n ní kò ní kẹ́míkà. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìyàmọyẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Ìsánlú: Òkun o. Omi wo lẹ fi ń fọ̀ ọ́? Ẹ kò sọ.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ dá òrí àárọ̀ àti alẹ́ yẹn dúró ná. Òrí kì í fún irun lómi, ṣe ló ń há omi tó bá wà níbẹ̀ mọ́lé. Bí ẹ bá fi pa irun tó gbẹ, ọ̀gbẹ náà lẹ há mọ́lé. Ìgbà tí irun bá ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀ ni kí ẹ mú ìwọ̀n horo ẹ̀wà 2, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí yóò fi yọ́, kí ẹ wá fi ra ṣóńṣó irun. Kó má dé awọ orí.

Ìyá Dára: Ṣùgbọ́n òrí dáadáa ni mo rà o, kì í ṣe ayédèrú. Omi bọ́óhóòlù àdúgbò la ń lò. Omi náà dára, òun là ń mu. Kẹ́tùlù nìkan ló máa ń ní nǹkan funfun nísàlẹ̀, mo máa ń fi ṣíbí ha á.

Apoògùn, Mọ̀pà: Nǹkan funfun ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yẹn ló bá ọṣẹ pàdé lórí yín. Omi tó gba inú àpáta kọjá máa ń ní kálísíọ́ọ̀mù, èròjà kan tó ń yọ́ láti ara òkúta. Bí ọṣẹ bá kàn án, ì báà ṣe ọṣẹ dúdú, ì báà ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, méjèèjì á dì pọ̀ di ìdọ̀tí tí kò ṣeé ṣàn. Kì í ṣe pé ẹ kò ṣàn án dáadáa. Bí ẹ bá ṣàn án dalẹ́, omi yẹn kan náà ni.

Ẹ dán an wò: ẹ bu omi bọ́óhóòlù sínú ìgò títí dé ìdajì, ẹ bu omi òjò sí ìkejì. Ẹ fi ọṣẹ dúdú bí èékánná ọmọ sí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ̀n wọ́n. Èyí tó bá hó dáadáa, tí omi abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ kedere, ni ẹ máa fi fọ irun. Èyí tó dà bí omi ògì, tí kò hó, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbe omi òjò, ẹ jẹ́ kí ó fọ páànù ilé bí ìṣẹ́jú 15 ná. Ṣáńpù kì í bá kálísíọ́ọ̀mù dì pọ̀ bí ọṣẹ ṣe ń ṣe.

Ọmọ Ìyàrà: Kí ló kan kálísíọ́ọ̀mù? Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ 3 sórí tààrà, kó wà níbẹ̀ dalẹ́. Gbogbo funfun yẹn á ṣí.

Apoògùn, Mọ̀pà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára àti oòrùn kì í bára wọn rẹ́. Ó lè bó awọ, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ níwájú orí. Fíníga ṣíbí ìjẹun 2 sínú omi lítà 1 ti tó. Ẹ dà á sí i lẹ́yìn ṣáńpù, ẹ kà dé ọgọ́ta, ẹ ṣàn án.

Ọmọ Ìyàrà: Àwọn ìyá wa kò mọ fíníga o.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀: Omi òjò àti omi odò ni wọ́n ń lò. Kò sí bọ́óhóòlù nígbà náà.

Onídìrí, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀: Gbogbo yín kò bi í léèrè tó yẹ. Ìyá Dára, ṣé irun yín ní rílásà, ìpara tó ń mú irun nà?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ má gbàgbé o, òrí kó má dé awọ orí.

Ìyá Dára: Àdín àgbọn ńkọ́, ṣé kí n fi kun un kí n tó fọ̀ ọ́?

Àǹtí Ìsánlú: Ẹ fi kun un fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ dá Onídìrí lóhùn.

Ìyá Dára: Rílásà wà nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn. Ìyẹn kọ́ ni ìṣòro, ó ti ń já kí n tó ṣe é. Mo fi kun gbogbo rẹ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó, kí ó lè dọ́gba. Ṣáńpù tó wà nínú páálí rílásà náà ti dà nù, torí náà ọṣẹ dúdú ni mo fi ṣàn án.

Onídìrí, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀: Háà. Ẹ jókòó.

Rílásà máa ń jẹ́ kí irun wú, kó sì ṣí. Ṣáńpù inú páálí ló ń pa agbára rẹ̀. Ọṣẹ dúdú pẹ̀lú ń jẹ́ kí irun wú, nítorí náà ẹ fi ohun tó ń wú u ṣàn ohun tó wú u. Èkejì, irun tuntun tó hù nìkan ni rílásà ń kàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ṣóńṣó yín ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tún fún un jẹ. Ibi tó ti tinrín bí òwú aláǹtakùn yẹn kò ní ṣe dáadáa mọ́. Gígé ni.

Wọ́n ń ta ṣáńpù yẹn lọ́tọ̀. Ẹ rà á, ẹ fi omi òjò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pín irun sí ọ̀nà 4, awọ orí ni kí ẹ fi ìka rọra fọ̀, ẹ má kó gbogbo irun jọ sórí bí aṣọ tí à ń fọ̀. Kọndísọ́nà ìṣẹ́jú 10, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra tú u, láti ṣóńṣó lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Irun tútù ń fà ju irun gbígbẹ lọ, ó sì yá láti já. Ẹ má fi táwẹ̀lì bó o. Ẹ fi tíṣáàtì àtijọ́ tẹ̀ ẹ́.

Apoògùn, Mọ̀pà: Bí awọ orí bá ń ta, tàbí tó ní egbò, ẹ lọ fi han dókítà kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i.

Ìyá Dára: Kò sí egbò. Ẹ ṣeun. Ṣé mo lè fi àtáṣímẹ́ǹtì, irun àtọwọ́dá tí wọ́n ń dì mọ́ irun, bò ó fún Sátidé, kí n wá gé e lẹ́yìn náà?

Onídìrí, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀: Rárá. Ìwúwo rẹ̀ ni yóò bá yín gé e, ibi tó bá wù ú ni yóò sì gé e dé. Ẹ gé e lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ wé gèlè, ẹ fi aṣọ sátíìnì sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Dára: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n kàn sọ ọ́ o, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ń bọ̀ ní Ìyàmọyẹ́.