Iná iwájú wo ló dára fún kẹ̀kẹ́ ológeere lóru?

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́fà, Ẹ̀rìn-Ilé ni mo ń gbé. Aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń ṣíwọ́, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ sílé. Ọ̀nà ọ̀hún ò jìn, àmọ́ òkùnkùn biribiri ni.

Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni mo fi rọ́bà táyà dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó sí kòtò, tọ́ọ̀ṣì yíjú sókè, ó ń tànmọ́lẹ̀ sí ewé máńgòrò, èmi wà nílẹ̀. Orúnkún ṣì ń dùn mí.

Mo ronú kan dáínámò, irú èyí tó wà lára Raleigh bàbá mi, tó ń fara kan táyà. Kò béèrè bátìrì, ṣùgbọ́n béèyàn bá ti dúró, iná kú nìyẹn, ó sì máa ń mú kẹ̀kẹ́ wúwo. Ìkejì ni LED tí wọ́n ń fi USB cháàjì. Ẹni tó ń tà á sọ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 1000 lumens (lumens ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń mọ́lẹ̀ tó). Mo rò pé ó ń bù mọ́ ọn ni. Ṣé 300 ò ní tó mi? Bí mo bá fi iná fọ́ ọlọ́kadà lójú, èmi náà ló máa kọlù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, wákàtí mélòó ló ń lò kó tó kú? Ẹ mọ bí iná ìjọba ṣe rí. Ṣé òjò ò ní bà á jẹ́? Ibo ni mo ti lè rí ojúlówó rà n'Ílọrin?